Ẹyin erè kò fẹ́ ooru ẹyin adìẹ

Ìbéèrè kan wọlé láti Òmù-Àrán. Mo gé e kúrú díẹ̀: “Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ní oṣù Kìíní, mo ra erè kan lọ́wọ́ ọdẹ lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo, torí mi ò fẹ́ kí wọ́n pa á jẹ. Àtìgbà náà ló ti wà nínú àpótí tí mo kàn fún un, òun nìkan, kò sí akọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo bá ẹyin méje lábẹ́ rẹ̀, wọ́n lẹ̀ mọ́ra. Mo kó wọn kúrò, mo tẹ́ sọ́dọ́ọ̀sì sínú abọ́ ike, mo sì kó wọn sí i. Bọ̀dá kan tó ń sin adìẹ ládùúgbò wa ní kí n gbé wọn wá sínú inkubétọ̀ òun, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pa ẹyin, pé tó bá fi máa di ọjọ́ mọ́kànlélógún, wọ́n á ti pa. Àwọn míì ní ẹyin tí kò rí akọ, òbu ni, kí n dà á nù. Ọ̀kan nínú wọn pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó sì kéré. Iná wa kì í dúró. Kí ni kí n ṣe? Mo tún kà á níbì kan pé bí ooru bá pọ̀, akọ ni gbogbo wọn máa jẹ́. Ṣé lóòótọ́ ni?”

Ẹ ṣeun tí ẹ gba ẹ̀dá yìí sílẹ̀ lọ́wọ́ ìkòkò ọbẹ̀. Kí ẹ tó ka ìyókù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ẹyin yẹn lọ sínú inkubétọ̀ bọ̀dá yẹn lónìí. Inú rere ló fi sọ ọ́, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n adìẹ ni iṣẹ́ tó mọ̀. Ooru tó bá ẹyin adìẹ lára mu, ṣe ni yóò se ọmọ erè kú sínú èèpo. Ohun tó ń dà yín láàmú, bí mo ṣe gbọ́ ọ, pín sí ọ̀nà mẹ́ta: bóyá ọmọ wà nínú ẹyin náà rárá, bí ẹ ṣe máa tọ́jú rẹ̀ níbi tí iná kò ti dúró, àti ohun tí ooru lè ṣe sí ọmọ inú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ akọ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú kúrò nílẹ̀, torí òun ló lè mú kí ẹ da ohun tó ní ẹ̀mí nù. Ejò tó wà nínú fọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́ ni erè kékeré, èyí tó máa ń ká ara rẹ̀ jọ roboto tó sì ń fi orí pamọ́ sáàárín bí ẹ̀rù bá bà á. Python regius ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Kì í ṣe òjòlá ńlá tó lè gbé ewúrẹ́ mì. Ní apá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níbí, ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ni abo rẹ̀ máa ń yé, láàárín oṣù Kejì sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin, ó sì ti gùn pẹ̀lú akọ láti oṣù mélòó kan ṣáájú. Nítorí náà, erè tí ọdẹ wú nínú ihò òkété tàbí nídìí ògán ní oṣù Kìíní, ó ṣeé ṣe gan-an kó jẹ́ pé ó ti lóyún kí wọ́n tó tà á fún yín. Àìsí akọ nínú àpótí yín kò sọ nǹkan kan nípa ohun tó ti ṣẹlẹ̀ nínú igbó. Orí ètò yìí gan-an ni òwò ńlá kan dúró lé ní Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Gánà: wọ́n á wá abo tó lóyún nínú oko, wọ́n á jẹ́ kó yé sọ́dọ̀ wọn, wọ́n á pa ẹyin náà, wọ́n á sì fi ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà.

Ká tiẹ̀ ní kò rí akọ lọ́dún yìí, abo ejò lè tọ́jú àtọ̀ pamọ́ sínú ara fún ìgbà pípẹ́ kó tó lò ó. Èyí tó ṣọ̀wọ́n jù ni kí abo dá nìkan lóyún láìsí akọ rárá. Ní ọdún 2020, ní ọgbà ẹranko Saint Louis ní Amẹ́ríkà, erè kan tí wọ́n fojú bù pé ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún yé ẹyin méje, bẹ́ẹ̀ kò tíì sún mọ́ akọ kankan fún ọdún tó lé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mi ò rò pé tiyín rí bẹ́ẹ̀. Oyún inú igbó ló jọ lójú mi.

Ẹ̀rí tó dájú wà nínú ẹyin fúnra rẹ̀. Lóru, ẹ pa gbogbo iná yàrá, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, kí ẹ sún un mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹyin kọ̀ọ̀kan láìgbé ẹyin náà sókè. Bí ọmọ bá wà nínú rẹ̀, ẹ máa rí iṣan ẹ̀jẹ̀ pupa tín-ín-rín tó fọ́n ká lábẹ́ èèpo, àwọ̀ inú rẹ̀ á sì pọ́n bí ìgbà tí èèyàn fi àtẹ́lẹwọ́ bo tọ́ọ̀ṣì. Bó bá mọ́lẹ̀ rokoṣo ní àwọ̀ ìyeyè, tí kò sí iṣan kankan, kò sí ọmọ nínú rẹ̀. Kékeré tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú yẹn, ó jọ pé ẹyin òfo ni. Ẹ má fi agbára já a kúrò lára àwọn yòókù. Ẹyin erè máa ń lẹ̀ mọ́ra láàárín wákàtí díẹ̀ tí wọ́n bá ti yé e, ẹni tó bá sì fẹ́ yà wọ́n tipátipá yóò ya ẹyin rere mọ́ ti búburú. Ẹ fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Bó bá tilẹ̀ bu, tí ewú funfun hù sí i lára, ẹyin tó yè kì í sábà bá a kú. Ìgbà tó bá ń rùn tó sì ń ṣomi sára àwọn tó kù nìkan ni kí ẹ rora gé e kúrò.

Ọ̀rọ̀ inkubétọ̀ wá kàn. Nǹkan bíi dígírì 37 ààbọ̀ ni wọ́n ń fi pa ẹyin adìẹ, ẹ̀rọ náà sì ń yí ẹyin lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́. Ẹyin erè ń fẹ́ dígírì 31 sí 32. Bó bá kọjá 34 tó sì pẹ́ níbẹ̀, ọmọ á kú, tàbí kí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ wọ́. Yíyí náà burú tó ooru. Nínú ẹyin ẹyẹ, okùn funfun méjì kan wà tó di pupa ẹyin mú láàárín. Yíyí ni kì í jẹ́ kí ọlẹ̀ lẹ̀ mọ́ èèpo. Ẹyin ejò kò ní okùn yẹn. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì tí wọ́n bá ti yé e, ọlẹ̀ rẹ̀ á ti gbé ara rẹ̀ mọ́ apá òkè èèpo, ibẹ̀ ni yóò sì wà. Ẹni tó bá wá yí ẹyin náà lé orí lẹ́yìn náà, ṣe ni pupa ẹyin á wọ́ lé ọlẹ̀ lórí, ó sì lè pa á. Ọjọ́ mọ́kànlélógún kò tiẹ̀ sí nínú ìṣirò yìí. Ní dígírì 31 sí 32, ọjọ́ 55 sí 60 ni, bí ooru bá sì lọ sílẹ̀ díẹ̀, ó lè lé sí i.

Nítorí náà, ẹ mú pẹ́ńsù, kí ẹ rọra fi àmì kékeré sórí apá òkè ẹyin kọ̀ọ̀kan bó ṣe wà báyìí. Ẹ ní wọ́n lẹ̀ mọ́ra, nítorí náà ó jọ pé ìdìpọ̀ kan ṣoṣo ni ẹ gbé, èyí sì ń fi mí lọ́kàn balẹ̀ díẹ̀: ó ṣòro kí ìdìpọ̀ tó lẹ̀ mọ́ra dorí kodò láìjẹ́ pé ẹni tó gbé e mọ̀. Bó bá jẹ́ pé ó yí lọ́wọ́ yín, ẹ lo tọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kan sí i. Ibi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ti kóra jọ ni kó kọjú sókè.

Ní ti ẹni tó máa sàba, mo yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sin ejò fún títà. Wọ́n á ní kí ẹ gba ẹyin lọ́wọ́ ìyá kíákíá kó lè tètè padà sẹ́nu oúnjẹ. Ní ilé tí iná kò dúró, ìyá ni èmi ì bá fi í sílẹ̀ fún. Abo erè máa ń ká ara rẹ̀ yí ẹyin ká títí di ọjọ́ tí wọ́n máa pa. Ẹ̀yà erè ńlá kan wà ní Éṣíà, ní ilẹ̀ Burma, tí abo rẹ̀ ń gbọ̀n ara kí ooru lè jáde fún ẹyin. Erè tiwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń di ìdìpọ̀ náà pa kí omi inú rẹ̀ má baà gbẹ, á sì máa tú ara sílẹ̀ díẹ̀ lóòrèkóòrè kí atẹ́gùn lè wọlé. Èèpo ẹyin ejò rọ̀ bí awọ, ó ń mu omi, ó sì ń pàdánù rẹ̀ wàràwàrà. Ìyẹn ni ìyá fi wúlò tó bẹ́ẹ̀. Òun náà á san owó rẹ̀: kì í sábà jẹun fún oṣù méjì yẹn, á sì rù.

Bó bá jẹ́ pé ó ṣì ń ká síbi tí ẹyin wà tẹ́lẹ̀, tí ẹ kò sì tíì fọ àpótí rẹ̀, ẹ lè dán an wò: ní alẹ́, ẹ gbé ìdìpọ̀ náà padà síwájú rẹ̀ pẹ̀lú àmì tó kọjú sókè, kí ẹ bo àpótí náà láṣọ, kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Òmíràn á tún ká a mọ́ra, òmíràn á wò ó níran. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí kò ká a, ẹ má fi dandan lé e.

A wá kan iṣẹ́ tí ẹ máa fọwọ́ ara yín ṣe. Ìmọ̀ràn tó pọ̀ jù lórí íntánẹ́ẹ̀tì wá láti ilẹ̀ òtútù, gbogbo ẹjọ́ wọn kò sì ju bí wọ́n ṣe máa mú ẹyin gbóná. Ní Kwara, láti oṣù Kejì títí wọ oṣù Kẹrin, ọ̀sán lè kọjá dígírì 35, yàrá onípáànù tí kò ní àjà á sì tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ooru àpọ̀jù ni ọ̀tá yín lákòókò yìí. Tó bá di oṣù Karùn-ún tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, òtútù òru ni ẹ máa wá máa ṣọ́. Ẹ fi sọ́kàn pé ẹyin erè lè fara da kí ooru lọ sílẹ̀ sí 26 tàbí 27 fún wákàtí díẹ̀, àmọ́ kì í fara da kó lọ sókè. Bó bá ṣe pé ẹ kò lè yẹra fún méjèèjì, ẹ fara mọ́ òtútù. Mo ti rí àwọn tó gbé ẹyin sórí fìríìjì torí pé ibẹ̀ ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìgbà tí iná bá dé, ibẹ̀ á gbóná, ìgbà tó bá lọ, á tutù, kò sì sí ẹni tó mọ iye dígírì tó jẹ́ lọ́sàn-án gangan.

Ẹ wá kúlà kan, irú èyí tí àwọn oníyìnyín ń lò. Ẹ rọ omi kún ìgò onílítà kan ààbọ̀ mẹ́rin, kí ẹ tò wọ́n sí igun rẹ̀. Omi kì í tètè gbóná, kì í sì í tètè tutù. Òun ló máa gba ìnira oòrùn ọ̀sán kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹyin. Ẹ gbé kúlà náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yàrá tí oòrùn kì í bà. Bí ilé alámọ̀ àtijọ́ bá wà nínú àgbàlá yín, bó ṣe ṣì wà káàkiri Ìgbómìnà, yàrá inú rẹ̀ dára ju yàrá onísìmẹ́ńtì lọ. Ẹ ra tẹmómítà olókùn kékeré tó ń ka ooru àti ọ̀rinrin pa pọ̀, àwọn tó ń ta ohun èlò adìẹ ní i. Ẹ fi orí okùn rẹ̀ sáàárín ẹyin, kó má jẹ́ ara ògiri kúlà. Bó bá ti ń sún mọ́ 33, ẹ yọ ìgò kan, kí ẹ fi olómi tútù láti inú àmù rọ́pò rẹ̀. Ẹ má fi yìnyín sí i. Bó bá wálẹ̀ kọjá 28, kí ẹ fi ìgò olómi lílọ́wọ́ọ́rọ́ sí i. Lówùúrọ̀, lọ́sàn-án àti kí ẹ tó sùn, ẹ wò ó.

Ẹni tó bá lè ná díẹ̀ sí i, kó bá àwọn tó ń kan inkubétọ̀ ra tẹ́mósítáàtì kékeré tó ń lo bátìrì 12 fóólùtì, ìyẹn ohun tó ń tan iná tó sì ń pa á fúnra rẹ̀ bí ooru bá ṣe rí, kó sì so ó mọ́ gílóòbù kékeré kan tó bò lójú nínú kúlà. Sólà kékeré á gbé e. Ẹ má jẹ́ kí gílóòbù kan fóòmù o, iná ni. Inkubétọ̀ bọ̀dá yẹn náà lè wúlò, bó bá ṣófo, bó bá gbà kí ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ sí 31 ààbọ̀, tí ẹ sì yọ ohun tó ń yí ẹyin kúrò. Ẹni tó ń fi ẹyin adìẹ jẹun kò níí fi ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀ fún oṣù méjì, mi ò sì bá a wí.

Sọ́dọ́ọ̀sì yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn. Bó bá gbẹ, á fa omi ara ẹyin; bó bá tutù, á bu. Ẹ wá abọ́ ike onídèérí tí ojú lè rí inú rẹ̀, ẹ da omi tó ga tó ìka méjì sí ìsàlẹ̀, kí ẹ da asẹ́ ike tàbí apẹ̀rẹ̀ ike kékeré bò ó bí àjà, kí ẹ wá gbé ìdìpọ̀ ẹyin lé e lórí. Ẹyin kò gbọdọ̀ kan omi. Ihò kékeré méjì lára dèérí ti tó, kí ọ̀rinrin inú rẹ̀ lè wà ní ìdá 90 nínú 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Abọ́ yìí ni yóò wà nínú kúlà. Bí omi bá ń kán láti ara dèérí sórí ẹyin, ẹ gbé apá kan abọ́ ga díẹ̀ kó lè ṣàn sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ má fín omi sára ẹyin láé. Ẹ ṣí dèérí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kí atẹ́gùn tuntun wọlé, kí ẹ sì máa ṣí i lemọ́lemọ́ sí i ní ọ̀sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn, torí ọmọ inú rẹ̀ ti ń mí púpọ̀ nígbà náà. Bí ẹyin bá jìn wọnú ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọ̀rinrin kò tó. Bó bá jìn wọnú lẹ́yìn ọjọ́ bíi márùndínláàádọ́ta, ẹ má jáyà, ọmọ ló ń lo ohun inú rẹ̀ tán.

Pé ooru ń sọ ọmọ di akọ tàbí abo, ọ̀rọ̀ nípa ọ̀nì àti ọ̀pọ̀ ìjàpá nìyẹn. Ti ejò kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí àtọ̀ ti bá ẹyin pàdé ni ti erè ti yanjú, kò sí tẹmómítà tó lè yí i padà.

Tí àkókò bá tó, ọmọ á fi eyín ṣóńṣó kan tó wà ní ṣóńṣó imú rẹ̀ la èèpo, á yọ imú síta, á sì lè jókòó bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ kan sí méjì. Níbẹ̀ ni ọwọ́ máa ń yún èèyàn jù. Ẹ má fà á jáde, ẹ má fi bíléèdì là á. Ó ṣì ń fa pupa ẹyin tó kù wọ inú, iṣan rẹ̀ sì ṣì wà lára èèpo. Ẹni tó bá fà á, ẹ̀jẹ̀ ló máa rí. Tó bá jáde fúnra rẹ̀, ẹ kó wọn sínú àpótí tí ẹ tẹ́ aṣọ tútù sí, kí omi mímu wà níbẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì wọ́n á bọ́ awọ àkọ́kọ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ tó fún wọn ní ọmọ èkúté, kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní ọjọ́ márùn-ún sí méje síra. Kí ẹ ti máa wá ibi tí ẹ ó ti rí èkúté láti ìsinsìnyí, kì í ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n bá jáde.

Bí ẹ bá ń ronú àtita ọmọ rẹ̀, ẹ mọ̀ pé erè wà nínú àkójọ kejì CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko igbó, tí Nàìjíríà ti bá wọn tọwọ́ bọ̀ láti ọdún 1974, òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1985 tí wọ́n tún ṣe ní 2016 sì wà lórí òwò ẹranko igbó. Láìgba ìwé àṣẹ, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ gbé wọn kọjá ẹnubodè. Ẹ béèrè lọ́wọ́ NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òfin àyíká, tàbí iléeṣẹ́ àyíká ìpínlẹ̀ kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni dúnàá dúrà, àti kí ẹ tó dá èyíkéyìí padà sígbó. Kí onílé yín náà sì gbọ́ kó tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Láti ibi tí mo jókòó sí ní Ìlọrin, mi ò lè ṣèlérí pé méjèèje tàbí mẹ́fà ni yóò pa. Ẹyin tó ti jókòó sínú sọ́dọ́ọ̀sì fún ọjọ́ mélòó kan lè ti gbẹ ju bó ṣe yẹ lọ, èyí tó sì dára lónìí lè kú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ láìsí ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Bí ìyá bá kọ̀ láti ká wọn, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ wẹ̀ ẹ́, kí ẹ fọ gbogbo àpótí rẹ̀, kí ẹ sì pààrọ̀ ohun tó sùn lé, kí òórùn ẹyin lè kúrò. Bí òórùn náà bá wà níbẹ̀, ó lè máa ká ilẹ̀ lásán láìjẹun. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ fún un ní èkúté tí kò tóbi ju ibi tó nípọn jù lára rẹ̀. Bó bá kọ oúnjẹ fún oṣù kan sí i, tí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń yọ, ẹ gbé e wá sí ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìlọrin. Àpò oníhò ni kí ẹ fi gbé e, kí ẹ so ẹnu rẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì sọ fún dírẹ́bà kí ẹ tó wọkọ̀.